Ọ̀gá Tó Ṣeé Sọ Òótọ́ Fún

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ìpàdé kan wà tí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ bí yóò ṣe parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá á jókòó níbi tí ojú gbogbo ènìyàn ti lè tó o, àwọn tó kù á jókòó bí ipò wọn ṣe tẹ̀lé ara wọn, ẹni tí ó kéré jù lọ á sì wà nítòsí ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìwé àti bírò lọ́wọ́. Ọ̀gá á sọ ohun tí ó ti pinnu, á ṣàlàyé rẹ̀ títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, lẹ́yìn náà á wò yíká, á sì béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ohun kan láti sọ. Kò sí ẹni tí yóò ní.

Ìpàdé yìí kì í tíì túká tán tí èkejì fi ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé, lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀ tàbí lọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ, níbi tí ohùn ti ń lọ sílẹ̀ tí ọ̀rọ̀ sì ti ń jáde. Ibẹ̀ ni akọ̀wé owó ti ń sọ pé owó tí ọ̀gá fẹ́ ná kò sí nínú àpò iléeṣẹ́, ibẹ̀ náà ni dírẹ́bà ti ń sọ pé ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi kó ọjà lọ sí Ìlọrin kò lè dé Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo ohun tí ó yẹ kí ọ̀gá mọ̀ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, àfi pé ọ̀gá kò sí níbẹ̀.

Ìwé tí àwọn onímọ̀ ti kọ lórí bí ènìyàn ṣe lè di ọ̀gá rere níbi iṣẹ́ pọ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè kà tán, wọ́n sì sọ̀rọ̀ lórí ìpinnu ṣíṣe, ọ̀rọ̀ sísọ láwùjọ àti iṣẹ́ pípín fún ọmọ-abẹ́. Gbogbo ìwọ̀nyí ní àyè tiwọn. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá yẹ àwọn ìjàǹbá ńlá wò, tí ó sì yẹ àwọn iléeṣẹ́ tí ó bọ́ lọ́wọ́ ìparun wò, yóò rí i pé ohun kan wà tí òmíràn kò lè dípò rẹ̀, ìyẹn ni bí ìròyìn búburú ṣe ń yára tó láti dé etí ọ̀gá. Ọ̀gá tí ó ń gbọ́ ọ nígbà tí ó ṣì kéré lè ṣe àṣìṣe púpọ̀ kí ó sì tún wọn ṣe, nígbà tí ẹni tí kò gbọ́ ọ lè gbọ́n bí ìfun kí iṣẹ́ sì bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìbéèrè ẹnjiníà

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977, bọ́ǹbù kan bú ní pápákọ̀ òfurufú Gran Canaria, ní àwọn erékùṣù Canary tí ó wà lábẹ́ orílẹ̀-èdè Sípéènì, wọ́n sì darí ọ̀pọ̀ bàálù lọ sí pápákọ̀ kékeré tí ń jẹ́ Los Rodeos ní erékùṣù Tenerife. Méjì nínú wọn jẹ́ Boeing 747, ọ̀kan ti iléeṣẹ́ KLM ti orílẹ̀-èdè Netherlands, èkejì ti iléeṣẹ́ Pan Am ti Amẹ́ríkà. Nígbà tí ọ̀nà là láti tẹ̀síwájú, kùrukùru ti bolẹ̀ débi pé àwọn tó ń darí bàálù láti inú ilé ìṣọ́ kò rí èyíkéyìí nínú wọn, àwọn awakọ̀ kò sì rí ara wọn, bẹ́ẹ̀ orí ọ̀nà kan ṣoṣo tí bàálù fi ń gbéra ni àwọn méjèèjì wà.

Olórí awakọ̀ KLM kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Òun ni ó ń kọ́ àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ bí a ṣe ń wa 747, òun náà ni ó sì ti ṣe ìdánwò fún igbákejì tí ó jókòó tì í lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ó kọ́kọ́ fẹ́ kí bàálù sáré, igbákejì yìí sọ pé àwọn kò tíì gba àṣẹ, ó sì dúró. Nígbà tí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lẹ́ẹ̀kejì láìjẹ́ pé wọ́n ti yọ̀ǹda fún un láti gbéra, igbákejì kò dá a dúró mọ́. Ẹnjiníà tí ó wà lẹ́yìn wọn, tí ó ti gbọ́ ohùn àwọn Pan Am lórí rédíò, béèrè bóyá bàálù yẹn kò tíì kúrò lójú ọ̀nà ni. Olórí awakọ̀ dá a lóhùn tìdánilójú-tìdánilójú pé ó ti kúrò, ẹnjiníà kò sì tún sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lẹ́yìn náà ni bàálù méjèèjì kọlu ara wọn, ènìyàn 583 kú, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tí ó yè nínú àwọn tí ó wà nínú bàálù KLM.

Àwọn olùwádìí Sípéènì àti ti Netherlands kò fẹnu kò lórí bí ẹ̀bi náà ṣe pín, nítorí pé ohùn méjì pàdé lórí rédíò tí wọ́n sì bo ọ̀rọ̀ pàtàkì mọ́lẹ̀, òfin tí ó dín iye wákàtí tí awakọ̀ lè ṣiṣẹ́ kù sì ti ń kán olórí awakọ̀ náà lójú. Ohun tí kò ṣeé jiyàn lé ni pé òótọ́ tí ó lè gbà wọ́n là wà nínú bàálù náà, ó sì ti jáde lẹ́nu ẹnì kan, àmọ́ gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè ni ó ṣe jáde.

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ-abẹ́ ṣe sábà máa ń sọ òótọ́ fún ọ̀gá, ìbáà jẹ́ nínú bàálù tàbí nínú ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. "Ṣé kò ní í pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, sà?" túmọ̀ sí pé yóò pẹ́ jù, "Ṣé ẹ ti gbọ́ látọ̀dọ̀ àwọn akáǹtì, mà?" sì túmọ̀ sí pé owó kò sí. Ọ̀gá tí ó bá yára dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ wádìí ohun tí ó bí i kò tíì gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún un.

Nígbà tí àwọn àgbà awakọ̀ padà sí ilé ẹ̀kọ́

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1978, bàálù iléeṣẹ́ United kan ń yí po lójú sánmà ìlú Portland ní Amẹ́ríkà, nítorí pé kò dá olórí awakọ̀ lójú pé ẹsẹ̀ bàálù ti jáde tán. Àwọn tí wọ́n wà pẹ̀lú rẹ̀ rí i pé epo ń tán lọ, wọ́n mẹ́nu bà á, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ kó le. Epo tán, bàálù já lulẹ̀, ènìyàn 10 sì kú. Lọ́dún tó tẹ̀lé e ni NASA, àjọ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òfurufú àti gbalasa òfurufú ní Amẹ́ríkà, pe àpérò kan níbi tí ó ti hàn gbangba pé ọ̀pọ̀ ìjàǹbá kì í wá láti inú àìmọ bàálù wà, bí kò ṣe láti inú bí àwọn tí wọ́n jọ wà nídìí rẹ̀ ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó jáde láti ibẹ̀ ni wọ́n ń fi lẹ́tà mẹ́ta pè, CRM. Ó kọ́ olórí awakọ̀ pé kí ó máa lo ojú, etí àti ọgbọ́n gbogbo ẹni tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀, ó sì kọ́ ọmọ-abẹ́ bí yóò ṣe máa pe ewu ní ewu láìfi ìbéèrè bò ó. Àwọn àgbà awakọ̀ kan fi ẹ̀kọ́ náà ṣẹ̀sín, wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀rín músẹ́ ni wọ́n fẹ́ rán àwọn lọ.

Ẹ̀sín náà rọlẹ̀ nígbà tí ó di ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 1989. Ẹ́ńjìnì tí ó wà ní ìrù bàálù United kan fọ́ yángá lójú òfurufú, ó sì ba gbogbo ohun tí awakọ̀ fi ń darí bàálù jẹ́, irú nǹkan tí kò sí ìwé kankan tí ó ti kọ ohun tí ènìyàn lè ṣe sí i. Olórí awakọ̀, Al Haynes, kò díbọ́n bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ó gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀, ó sì gbà kí Dennis Fitch, olùkọ́ àwọn awakọ̀ tí ó kàn wọkọ̀ bí èrò lọ́jọ́ náà, wá máa fi ọwọ́ darí agbára ẹ́ńjìnì méjèèjì tó kù. Bàálù náà fọ́ nígbà tí ó balẹ̀ ní Sioux City, ṣùgbọ́n nínú ènìyàn 296 tí ó wà nínú rẹ̀, 184 yè. Títí Haynes fi kú ni ó ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ẹ̀kọ́ CRM wà lára ohun tí ó ràn àwọn lọ́wọ́.

Ní ilé ìwòsàn

Ní àwọn ọdún 1990, onímọ̀ kan ní Harvard, Amy Edmondson, yẹ àṣìṣe lílo oògùn wò láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn, ó sì retí pé ọ̀wọ́ tí ó mọ iṣẹ́ jù ni àṣìṣe rẹ̀ yóò kéré jù. Òdìkejì ni ó rí: àwọn tí olórí wọn dára ni àkọsílẹ̀ àṣìṣe wọn pọ̀. Nígbà tí ó wádìí síwájú, ó hàn pé kì í ṣe pé wọ́n ń ṣe àṣìṣe ju àwọn tó kù lọ. Wọ́n kàn ń sọ tiwọn ni, àwọn yòókù sì ń fi tiwọn pamọ́. Ìwé tí ó kọ lórí irú ìfọ̀kànbalẹ̀ tí ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ sọ àṣìṣe wọn ní ọdún 1999 wà lára èyí tí àwọn onímọ̀ ìṣàkóso ń tọ́ka sí jù lọ títí di òní. Ọ̀gá tí ó bá ń fi kíkéré iye ẹ̀sùn tí ó dé orí tábìlì rẹ̀ yangàn yẹ kí ó ronú sí i.

Àjọ Ìlera Àgbáyé náà gbé ìwé àyẹ̀wò kan jáde ní ọdún 2008 fún yàrá iṣẹ́ abẹ, tí ó ní kí gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀, títí dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tí ó kéré jù, dárúkọ ara rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ kí ọ̀bẹ tó kan ara aláìsàn, nítorí pé ẹni tí ó bá ti lanu lẹ́ẹ̀kan kì í ṣòro fún un láti tún là á. Ní ilé ìwòsàn 8 tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò, iye àwọn tí ń kú lọ sílẹ̀ láti ìdá 1.5 sí ìdá 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Síbẹ̀, nígbà tí ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà sọ ọ́ di dandan fún àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀, àyípadà gidi kan kò hàn nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2014. Àwọn kan tí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò sọ pé ìwé ni wọ́n ń sàmì sí, iṣẹ́ kò yí padà.

Okùn tí òṣìṣẹ́ lè fà

Iléeṣẹ́ ọkọ̀ General Motors ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Fremont, ìpínlẹ̀ California, pa ní ọdún 1982. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lókìkí burúkú: wọ́n a máa mutí lẹ́nu iṣẹ́, ìjà wọn pẹ̀lú àwọn máníjà kì í tán, àwọn tí kò sì wá síbi iṣẹ́ lójúmọ́ a máa tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún 1984, Toyota bá General Motors dòwò pọ̀, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ kan náà lábẹ́ orúkọ NUMMI, àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ yìí ni ó sì pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́. Láìpẹ́, ọkọ̀ tí ó ń jáde níbẹ̀ wà lára èyí tí ó dára jù ní Amẹ́ríkà, iye àwọn tí kì í wá síbi iṣẹ́ sì rọ̀ gan-an.

Ọwọ́ tó ṣe ọkọ̀ náà kò yàtọ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ní Fremont àtijọ́, èèwọ̀ ni kí ẹ̀rọ tí ń gbé ọkọ̀ kiri dúró, nítorí náà òṣìṣẹ́ tí ó rí àbùkù á jẹ́ kí ó kọjá. Lábẹ́ Toyota, okùn kan wà lókè orí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá rí àbùkù á fà á, iná á tàn, olórí ọ̀wọ́ rẹ̀ á sáré wá, bí wọn kò bá sì rí i tún ṣe kí ọkọ̀ tó kúrò níwájú rẹ̀, gbogbo iṣẹ́ á dúró. Ohun tí olórí ọ̀wọ́ náà ń ṣe nígbà tí ó bá dé ni ó ṣe pàtàkì ju okùn lọ: ó ń béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó ń ran ẹni náà lọ́wọ́, ó sì ń dúpẹ́. Okùn kò wọ́n, ẹnikẹ́ni lè rà á.

Ṣé ọ̀wọ̀ ni ìdíwọ́?

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá ni yóò sọ pé àwọn nǹkan wọ̀nyí kò lè wáyé níbí, nítorí pé ọmọ tí wọ́n bá tọ́ dáadáa kì í dá àgbà lẹ́kun ọ̀rọ̀. Àwọn kan tí wọ́n kàwé lókè òkun a máa fara mọ́ èrò yìí, wọ́n a sì ní kí gbogbo ènìyàn máa pe ọ̀gá ní orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Èrò náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn tí wọ́n wà nínú bàálù Portland kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ epo há sí wọn lọ́fun.

Àṣà Yorùbá fúnra rẹ̀ mọ ewu tí ó wà nínú ọba tí kò sẹ́ni tí ń bá a wí. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ìgbìmọ̀ Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè 7 tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, lágbára láti kọ Aláàfin, ọba tí wọ́n bá sì kọ̀ gbọ́dọ̀ kú. (Baṣọ̀run Gáà lo agbára yìí nílòkulò ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, èyí tí ó fi hàn pé ẹni tí ń bá ọba wí náà nílò ẹni tí yóò bá òun wí.) Láàárín àwọn Kétu àti àwọn Yewa, nínú ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kà mọ́ àwọn àjogúnbá aráyé ní ọdún 2001, òru Ẹ̀fẹ̀ ni òru tí akọrin lè dúró ní gbangba kí ó sì fi ìwà ẹni ńlá kọrin. Ẹni tí wọ́n fi kọrin náà kò ní í bínú, ó kéré tán kò ní í fi hàn.

Nínú ìpàdé ẹbí pàápàá, ọ̀rọ̀ àgbà ni ó sábà máa ń kẹ́yìn, lẹ́yìn tí àwọn àbúrò bá ti rò tiwọn tán. Ọ́fíìsì ni ó dorí èyí kodò, tí àgbà fi ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ tí kò sì sí ohun tí ó kù fún ẹlòmíràn láti sọ. Gbogbo ọ̀gá ni ó mọ̀ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀; díẹ̀ nínú wọn ni ó ń fi ọgbọ́n ọmọdé ṣáájú.

Àmọ́ ibi kan wà tí àṣà iṣẹ́ ti ń pa òótọ́ ní tòótọ́, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò san owó nǹkan tí ó bàjẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù télọ̀, bí ọmọṣẹ́ bá gé aṣọ oníbàárà ṣì, òun tàbí òbí rẹ̀ ni yóò san án, yóò sì jẹ èébú lé e lórí. Ọmọ tí ó bá mọ èyí á ká aṣọ náà sábẹ́ àwọn yòókù, á sì máa gbàdúrà kí oníbàárà má tètè dé. Bí ó bá sọ ọ́ ní wákàtí tí ó gé e, ọ̀gá lè rí aṣọ tí ó jọ ọ́ rà lọ́jà tàbí kí ó yí àrà rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, ẹ̀bẹ̀ nìkan ni ó kù. Ọmọ náà á gba fírídọ̀mù lọ́jọ́ kan, á di ọ̀gá tirẹ̀, ìlànà tí ó bá níbẹ̀ náà ni yóò sì lò fún ọmọṣẹ́ tirẹ̀. Ní ọ́fíìsì, kúẹ́rì ni ó rọ́pò èébú, ìyẹn ìwé tí ó ń bi òṣìṣẹ́ léèrè ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n jẹ ẹ́ níyà, tí ó sì máa ń wà nínú fáìlì rẹ̀ títí dé ọjọ́ ìgbéga.

Ìròyìn búburú àkọ́kọ́

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006, Alan Mulally kúrò ní Boeing, ó sì di ọ̀gá àgbà ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ Ford. Ó ní kí àwọn ọ̀gá abẹ́ òun máa wá sí ìpàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì máa fi àwọ̀ sàmì sí iṣẹ́ wọn: àwọ̀ ewé fún èyí tí ó ń lọ dáadáa, àwọ̀ ìyeyè fún èyí tí ó ń mì, pupa fún èyí tí ó ti há. Iléeṣẹ́ náà pàdánù ju bílíọ̀nù 12 dọ́là lọ lọ́dún yẹn, síbẹ̀ àwọ̀ ewé nìkan ni wọ́n ń gbé wá. Nígbà tí Mark Fields, ọ̀kan nínú wọn, gbé pupa wá nítorí ọkọ̀ tuntun kan tí kò tíì ṣeé kó jáde, àwọn yòókù rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. Mulally pàtẹ́wọ́, ó sì béèrè ẹni tí ó lè ràn án lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí oríṣiríṣi àwọ̀ fi kún ojú ìwé àwọn yòókù.

Ọ̀rọ̀ ṣíṣe ọ̀gá sinmi lórí irú ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ ju lórí ọ̀rọ̀ dídùn tí ọ̀gá sọ lọ́jọ́ tí ó gorí oyè, nítorí pé ohun tí ó bá ṣe sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó gbé ìròyìn búburú wá ni gbogbo àwọn tó kù yóò fi mọ̀ ọ́n. Àwọn tí wọ́n ń kọ́ni nípa ìṣàkóso a máa gba ọ̀gá níyànjú pé kí ó fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kẹ́yìn, kí ó sì máa lọ síbi tí iṣẹ́ ti ń lọ dípò kí ó máa ránṣẹ́ pe ènìyàn sí ọ́fíìsì. Ìbéèrè rẹ̀ pàápàá yẹ kí ó ní ojú: "Ṣé kò sí wàhálà?" kò ní èsì mìíràn ju "Kò sí, sà," nígbà tí "Kí ni ó lè mú kí ọjà yìí má dé lọ́jọ́ Ẹtì?" ń fipá mú ènìyàn ronú.

Ó sì gbọ́dọ̀ ya àṣìṣe ẹni tí ó ń gbìyànjú sọ́tọ̀ kúrò lára àìbìkítà àti olè, nítorí pé ọ̀gá tí ó bá fi ẹnu kan náà bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wí yóò kọ́ olóòótọ́ láti máa ṣe bí olè.

Ọ̀fìn kan wà lójú ọ̀nà yìí tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń jìn sí. Nígbà tí wọ́n bá rí i pé àwọn kò gbọ́ ohun tó ń lọ, wọ́n á wá ẹni tí yóò máa gbọ́ ọ fún wọn, òfófó á sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ olófòófó dá lórí ènìyàn, ó sì ń wáyé ní kọ̀rọ̀. Òótọ́ tí iṣẹ́ nílò dá lórí iṣẹ́, gbangba sì ni ibi tí ó ti wúlò. Ọ̀gá tí olófòófó bá yí ká a máa rò pé kò sí ohun tí ó pa mọ́ fún òun, bẹ́ẹ̀ ó mọ ẹni tí ó bú òun ju bí ó ti mọ ẹ̀rọ tí ó fẹ́ bàjẹ́ lọ.

Ọ̀gá tí ó ní ọ̀gá

Gbogbo ohun tí a ti sọ yìí rọrùn fún ẹni tí kò ní ọ̀gá lórí. Máníjà ẹ̀ka báǹkì kan kò rí bẹ́ẹ̀. Oríléeṣẹ́ á bu tágẹ́ẹ̀tì fún un, ìyẹn iye owó ìfipamọ́ tí ẹ̀ka rẹ̀ gbọ́dọ̀ kó wọlé láàárín oṣù mẹ́ta. Àwọn tí wọ́n ń wá oníbàárà kiri, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ wọn bí wọn kò bá rí owó náà, á sọ fún un pé kò sí ọjà ní agbègbè náà tí ó lè mú irú owó bẹ́ẹ̀ wá. Máníjà tí ó gbọ́ òótọ́ náà tọkàntọkàn yóò lọ sí ìpàdé tirẹ̀ ní oríléeṣẹ́, níbi tí òun gan-an ti jókòó nítòsí ilẹ̀kùn, yóò sì sọ pé yóò ṣeé ṣe, sà.

Ètò ìjọba pàápàá kò bo irú òótọ́ bẹ́ẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìlànà kan jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 tí ó ń fi owó san ẹ̀san fún ẹni tí ó bá tú àṣírí owó ìjọba tí wọ́n jí. Olè ni ìlànà náà ń wá, ó sì ní èrè fún ẹni tí ó bá tọ́ka sí i. Òṣìṣẹ́ tí kò rí olè kankan, tí ohun tí ó rí jẹ́ pé ètò tí ọ̀gá fọwọ́ sí kò lè yọrí, kò sí fọ́ọ̀mù tí yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí, àfi kí ọ̀gá ọ̀gá rẹ̀ kọ́kọ́ yí ohùn tí ó fi ń béèrè èsì padà. Níwọ̀n ìgbà tí oríléeṣẹ́ bá ṣì ń fi tágẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé bá díwọ̀n máníjà, àwọn máníjà tí ó ń sọ òótọ́ fún un ni yóò kọ́kọ́ pàdánù ìgbéga, àwọn tó kù yóò sì máa kọ iye tí oríléeṣẹ́ fẹ́ rí sínú ìwé títí oṣù mẹ́ta náà yóò fi pé.